OWÓ GBÀ-MÁ-BÍNÚ KÌ Í ṢE OWÓ OṢÙ

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ẹ̀ka wa gbọ́dọ̀ dá lóhùn ní ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan ní àdúgbò wa ti ń sọ fún àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ pé, dípò kí àwọn fi kún owó oṣù, àwọn yóò kúkú fún olúkúlùkù ní owó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a fọwọ́ síwèé, kí ẹnikẹ́ni má sì tún dárúkọ àfikún owó oṣù fún ọdún méjì. Owó ìrànwọ́ ni wọ́n ń pè é. Owó gbà-má-bínú ni àwa ń pè é. Àwọn kan nínú wa ní kí a gbà á kíá, torí pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. A kò bá ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ jà. Àwa náà ń ra gaàrí ní ọjà kan náà.

Ṣùgbọ́n kí a tó fi bírò kan ìwé, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba tàbí báńkì ìjọba kó owó lé ará ìlú lọ́wọ́. Kí ni ìdílé fi owó náà ṣe? Kí sì ni ọjà fi ìdílé ṣe? Bí a bá mọ ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí, a ó mọ ohun tí ó yẹ kí a sọ fún àwọn ọ̀gá wa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Amẹ́ríkà, Milton Friedman ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1969 ó pa ọ̀rọ̀ kan bí àlọ́. Ó ní bí ọkọ̀ òfuurufú kan bá fò kọjá lórí ìlú, tó ń da owó sílẹ̀, tí ará ìlú ń ṣa á, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ìdáhùn tirẹ̀ ni pé bí oúnjẹ àti aṣọ tó wà nílùú kò bá pọ̀ sí i, owó orí wọn ni yóò gòkè, a ó sì padà síbi tí a wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi pa àlọ́, ojú àwọn bàbá wa rí i ní Nàìjíríà kí ọdún mẹ́fà tó pé.

OWÓ ÚDÓJÌ

Ní ọdún 1972 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti yẹ iṣẹ́ ìjọba àti owó oṣù wò. Olóyè Jerome Udoji ni alága wọn. Láti ìparí ọdún 1973 ni epo rọ̀bì ti gbówó lórí káàkiri ayé, àpò ìjọba sì kún. Ní oṣù kejìlá ọdún 1974 ìjọba kéde pé kí owó oṣù gòkè, kí wọ́n sì kà á láti oṣù kẹrin ọdún náà. Owó òṣìṣẹ́ ìjọba tó kéré jù lọ di náírà 60 lóṣù. Nígbà tí oṣù kìíní ọdún 1975 wọlé, àjẹsílẹ̀ oṣù 9 bọ́ sí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Títí di òní yìí, bí owó ńlá bá já lu ẹnìkan lójijì, àwọn àgbà wa á ní lágbájá gba Údójì.

Kí ni wọ́n fi ṣe? Wọ́n ra rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ra fíríìjì, wọ́n ra kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù. Àwọn kan san gbèsè, àwọn kan gbé ìyàwó, àwọn kan ra ilẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ọlọ́rọ̀ ti ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé òṣìṣẹ́ kò mọ owó ná. Àwa kò gbà. Ẹni tó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, tó wá ra kẹ̀kẹ́, ìnákúnàá kọ́ ni ìyẹn. Ẹni tí kò ní rédíò rí, tó ra ọ̀kan kí òun náà lè máa gbọ́ ohun tó ń lọ, kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Kí ọlọ́rọ̀ tó ní rédíò mẹ́ta tó sọ̀rọ̀, kí ó kọ́kọ́ ka tirẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti wá ni pé owó pọ̀, ọjà kò pọ̀. Ilé-iṣẹ́ tiwa kò lè ṣe ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ rà, òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1975 yẹn kan náà, ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 400 ni ó tò sójú omi Èkó tí wọn kò rí ibi já ẹrù, sìmẹ́ńtì tí ìjọba fúnra rẹ̀ rà ni ó kún inú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn oníṣòwò gbọ́ ìkéde owó náà lórí rédíò bí àwọn òṣìṣẹ́ ti gbọ́ ọ, kí owó tó dé ni ọjà ti gbéra. Àwọn onílé náà fi kún owó ilé. Ọjà tí ènìyàn ń fi náírà 100 rà ní 1974, nǹkan bí náírà 134 ni ó ń fi rà á ní 1975.

Ẹ wá wo àwọn tí ọ̀ràn náà dùn jù: àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni, àwọn bíi tiwa yìí. Wọn kò sí nínú Údójì. Ọ̀wọ́n ọjà kàn wọ́n, owó kò kàn wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ fi gba ìlú kan ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 1975, títí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ fi san tiwọn.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ. Ohun méjì ni ó wà nínú Údójì: àjẹsílẹ̀ tí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan, àti àfikún owó oṣù tó dúró. Àjẹsílẹ̀ ni gbogbo ènìyàn rántí, nítorí pé ó pọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tán, tí ọjà sì ti wọ́n, àfikún owó oṣù yẹn ni ó ń bọ́ ọmọ. Bí ó bá jẹ́ pé àjẹsílẹ̀ nìkan ni ìjọba san, tí owó oṣù sì dúró síbi tí ó wà, ọdún 1975 ì bá burú ju bí ó ti burú lọ fún àwọn bàbá wa. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ohun tí àwọn ọ̀gá wa ń fi lọ̀ wá lónìí ni Údójì tí a ti yọ ẹran inú rẹ̀ kúrò.

OWÓ BÁŃKÌ ÀPAPỌ̀

Ẹlòmíràn á ní ìyẹn ti pẹ́. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí a wo ti àná. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, ya bílíọ̀nù 50 náírà sọ́tọ̀ fún ìdílé àti àwọn oníṣẹ́ kéékèèké tí àrùn náà pa lára. Wọ́n tún fi kún un lẹ́yìn náà. Báńkì kékeré kan tí a ń pè ní NIRSAL ni wọ́n gbà pín in. Ìdílé kan lè rí tó mílíọ̀nù 3 náírà gbà. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó di ìdá 9. Nínú gbogbo owó tí Báńkì Àpapọ̀ ti gbé jáde, èyí ni ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tálákà jù.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀: ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ nìyẹn. Àwọn kan fi í ra ọjà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ṣe wọ́n láǹfààní. Àwọn kan fi san owó ilé tí lánlọ́ọ̀dù ti ń bá wọn jà sí. Àwọn kan jẹ ẹ́ láàárín ilé, nítorí pé iṣẹ́ ti dúró, ọmọ sì ń ké. Àwọn kan wà tí wọ́n ní owó ìjọba ni, ta ni yóò bi wá? Báńkì Àpapọ̀ sì ti ṣe òfin ní ọdún 2020 yẹn kan náà pé ẹni tó bá jẹ báńkì kan ní gbèsè, a lè yọ owó náà nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn, nítorí pé nọ́ńbà BVN kan ṣoṣo ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí àkókò tó, owó bẹ̀rẹ̀ sí fò lọ nínú àkáǹtì àwọn ènìyàn. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ wọlé láàárọ̀, kí ó tó dé ìdí ẹ̀rọ báńkì, gbèsè ti gbé e lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Òtítọ́ ni, ẹni tó bá yá owó gbọ́dọ̀ san. Ṣùgbọ́n a ní ẹ̀jọ́ tiwa láti bá ìjọba rò. Ẹni tí ebi ń pa, tí a ti ìlẹ̀kùn ibi iṣẹ́ mọ́ ọn, oúnjẹ ni yóò fi owó rà, èlé kò sì sí nínú oúnjẹ. Owó oúnjẹ kò yẹ kí ó jẹ́ gbèsè. Bí ó bá sì jẹ́ gbèsè, kí wọ́n là á fún ará ìlú ní èdè tí ó yé e, kí ó tó fọwọ́ sí i.

Owó mìíràn tún wà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde tí kò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá rárá. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 gbà pé ìjọba àpapọ̀ lè yá owó díẹ̀ lọ́wọ́ báńkì náà fún ìgbà kúkúrú, kí ó má ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú, kí ó sì san án padà kí ọdún tó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 2022 fi máa parí, ohun tí ìjọba ti yá ti di tíríliọ̀nù 22.7 náírà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà gbà pé kí wọ́n sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ogójì ọdún gbáko. Nínú owó yìí, a kò rí kọ́bọ̀ gbà ní Ìṣẹri. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ wa níbẹ̀ ni ọ̀wọ́n ọjà. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní owó tí òṣìṣẹ́ ń béèrè ni ó ń mú ọjà wọ́n, ẹ bi í pé owó tí ó tó tíríliọ̀nù 22.7 ńkọ́, ta ni ó ná an?

OWÓ ÌRÀNWỌ́ ỌDÚN 2023

Kò sí awakọ̀ tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn oṣù karùn-ún ọdún 2023 fún. Ọjọ́ 29 oṣù náà ni ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà bẹntiróòlù kan tí ó wà ní nǹkan bí náírà 185 ní Èkó fò dé 488 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì di 568 ní oṣù keje. Awakọ̀ fi kún owó ọkọ̀, èrò bú u. Bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni èrò inú ọkọ̀ náà, owó tí ó san ni awakọ̀ fi ń ra epo, tí ó fi ń dá ti ọlọ́kọ̀, ìyókù ni ó ń gbé lọ sílé. Owó náírà tó ń gba ọwọ́ awakọ̀ kọjá pọ̀ sí i, oúnjẹ inú ìkòkò rẹ̀ kò pọ̀ sí i. Òṣìṣẹ́ àti awakọ̀ ń jà nínú ọkọ̀ kan náà lórí owó tí kò tó ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ìjọba wá mú owó gbà-má-bínú jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 2023 wọ́n bá NLC àti TUC ṣe àdéhùn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ yóò máa gba náírà 35,000 lé owó oṣù wọn títí òfin tuntun lórí owó oṣù tó kéré jù lọ yóò fi jáde. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn: mílíọ̀nù 15 ìdílé yóò gba náírà 25,000 lóṣù fún oṣù 3. Mílíọ̀nù 800 dọ́là tí Nàìjíríà yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé ni wọ́n ní àwọn yóò fi ṣe é. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 wọ́n dá ètò náà dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí owó tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ìdílé tí wọ́n ṣèlérí fún.

A bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa àti aládùúgbò tí wọ́n rí owó ìrànwọ́ gbà, yálà lọ́dọ̀ ìjọba tàbí níbi iṣẹ́, pé kí ni ẹ fi ṣe? Ìdáhùn wọn jọra. Wọ́n kọ́kọ́ san gbèsè ní ṣọ́ọ̀bù ìyá oníraisì tí wọ́n ti ń ra àwìn. Wọ́n san owó ilé-ìwé ọmọ tí wọ́n ti lé wálé. Ìyókù, wọ́n gbé e lọ sí Máìlì 12. A kò rí ẹni tó fi ṣe àríyá. Ọ̀sẹ̀ kejì, owó ti tán, ó sì ku bí oṣù tuntun yóò ti rí. Nígbà tí oṣù kejìlá ọdún 2024 dé, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba sọ pé ọjà ti fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju bí ó ti wà ní ọdún kan sẹ́yìn lọ. Iye yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ọdún Údójì dọ́gba.

BÍ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN TI ṢE É

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ní kí ìjọba má fún tálákà lówó. Rárá o. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ní Tógò, nílé àwọn aládùúgbò wa, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Novissi ní oṣù kẹrin ọdún 2020. Orí fóònù ni owó gbà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà, onídìrí àti ìyá ọlọ́jà nígbà náà, wọn kò tò sórí ìlà. Ní Lomé, obìnrin gba 12,250 sẹ́fà lóṣù, ọkùnrin gba 10,500. Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ obìnrin ni ó sún mọ́ ìkòkò ọbẹ̀ jù. Ẹ̀kọ́ ni èyí jẹ́ fún àwa ọkùnrin.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2020 kan náà, ìjọba fi 1,200 dọ́là ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlagbà ìlú náà. Àwọn onímọ̀ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là, wọ́n ná bí 40, wọ́n fi bí 30 san gbèsè, wọ́n tọ́jú bí 30. Òyìnbó náà kọ́kọ́ wo gbèsè rẹ̀ lójú. Ohun kan náà ni ìdílé òṣìṣẹ́ ń ṣe níbi gbogbo. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé ẹni tí owó oṣù rẹ̀ tó jẹun ni ó lè tọ́jú nínú ẹ̀bùn.

Ní Kẹ́ńyà, ní agbègbè Siaya, ẹgbẹ́ GiveDirectly fún ìdílé tó lé ní 10,000 ní nǹkan bí 1,000 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún 2014 sí 2017. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tọ ipasẹ̀ owó náà láti abúlé dé abúlé, 653 ni abúlé tí wọ́n yẹ̀ wò. Ọjà kò wọ́n ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Dọ́là kan tó wọlé sì bí nǹkan bíi dọ́là méjì àbọ̀ ní àdúgbò náà, nítorí pé ẹni tó gba owó ra nǹkan lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò náà sì ra tirẹ̀. Èéṣe tí ti Kẹ́ńyà kò fi rí bíi ti Údójì? Ní Siaya, ọwọ́ dilẹ̀: ẹni tó ń ṣe àga wà níbẹ̀ tí kò rí oníbàárà, ẹni tó ń lọ àgbàdo wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń sùn. Owó dé, iṣẹ́ jí. Ní 1975, owó dé, ẹrù wà lójú omi.

Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé owó tálákà kì í dá ọ̀wọ́n sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí ilé-iṣẹ́ ti kú, tí iná kò sí, tí ọ̀nà oko bàjẹ́, ibẹ̀ ni owó ti ń lé ọjà tí kò tó. Kí ìjọba tún ìyẹn ṣe, kí ó yé fi òṣìṣẹ́ ṣe ẹlẹ́bi.

ÌṢIRÒ TÍ A FẸ́ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ wá mú pẹ́ńsù. Ká ní ọ̀gá kan ní òun yóò fún ọ ní náírà 100,000 lẹ́ẹ̀kan, kí o gbàgbé àfikún náírà 10,000 lóṣù. 100,000 pọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n náírà 10,000 lóṣù fún oṣù 24 jẹ́ 240,000. Kò tán síbẹ̀. Bí a bá fi 10,000 náà sínú owó oṣù gan-an, sínú owó ilé tàbí owó ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀, òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ, ìwọ náà á dá ìdá 8. Náírà 1,000 lóṣù nìyẹn láti ọwọ́ ọ̀gá, tí o kò ní fi ojú rí lónìí, ṣùgbọ́n tí yóò dúró dè ọ́ lọ́jọ́ ogbó. Bákan náà, níbi tí wọ́n bá ti ń fi owó oṣù ṣírò àfikún iṣẹ́ alẹ́ tàbí owó ìdágbére, gbogbo rẹ̀ ni yóò gòkè. Owó gbà-má-bínú kò wọ inú ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ó wọlé lọ́sàn-án, ó jáde lálẹ́. Ọ̀gá mọ ìṣirò yìí, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi ń yá a lára láti san án.

Ẹnìkan á ní: owó ńlá ni mo nílò báyìí, olówó sọgúndogójì ti dì mí lọ́rùn. A gbọ́. Owó ńlá lẹ́ẹ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, òun ni a fi ń ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ìyàwó, tí a fi ń já gbèsè. Ṣùgbọ́n kí àwọn òyìnbó tó mọ ọ̀nà ilẹ̀ wa ni Yorùbá ti mọ bí a ti ń ṣe owó ńlá: èésú ni, àjọ ni. Ẹni ogún dá owó jọ lóṣooṣù, ẹnìkan kó o lónìí, ẹlòmíràn kó o lọ́la. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ gbòòrò lè fi àjọ sọ owó kékeré di owó ńlá nígbàkigbà tí ó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí alájọ tó lè sọ owó ńlá ẹ̀ẹ̀kan di owó oṣù. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà gan-an nìyí.

Ẹ tún wo ìtàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nílẹ̀ yìí. Ní 1981, nígbà tí Hassan Sunmonu jẹ́ ààrẹ NLC, ìdaṣẹ́sílẹ̀ ni a fi gba náírà 125 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ. Ó di 18,000 ní 2011, ó di 30,000 ní 2019, ó di 70,000 ní oṣù keje ọdún 2024, òfin ọdún 2024 náà sì ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta dípò márùn-ún. A kò sọ pé 70,000 tó. Ẹni tó bá ná an ní Máìlì 12 mọ̀ pé kò tó. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni a ó dúró sí béèrè èyí tó kàn. Lórí owó gbà-má-bínú ti ọdún tó kọjá, kí ni a ó dúró sí?

OHUN TÍ A NÍ KÍ Ẹ̀KA BÉÈRÈ

Èkínní, kí àfikún wọ inú owó oṣù gan-an. Bí ọ̀gá bá fẹ́ fún wa ní owó ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú rẹ̀, a ó dúpẹ́, a ó gbà á. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ àfikún lórí àfikún, kí ó má ṣe rọ́pò rẹ̀.

Èkejì, kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn pé lọ́dọọdún, a ó jókòó wo bí ọjà ti gbéra, a ó sì tún owó oṣù wò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀wọ́n ọjà ni ẹ̀tẹ̀ wa.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ẹ̀ka wa dìde dáadáa, kí ó máa yá ọmọ ẹgbẹ́ ní owó pẹ̀lú èlé kékeré láti fi já gbèsè sọgúndogójì, kí ó sì máa ra ìrẹsì, ẹ̀wà àti gaàrí ní àpò-àpò kí a pín in ní iye tí a rà á. Kí àwọn awakọ̀ náà wọ inú rẹ̀. Wọn kò ní owó oṣù tí ọ̀gá lè fi kún, nítorí náà ọ̀nà yìí gan-an ni ọ̀nà tiwọn.

Ẹ̀kẹrin, ti inú ilé wa ni. Bí owó kan bá wọlé yàtọ̀ sí owó oṣù, kí ọkọ jókòó ti ìyàwó, kí ó sọ iye rẹ̀, kí wọ́n jọ pín in: ti gbèsè, ti ilé-ìwé, ti oúnjẹ, ti àjọ. Owó tí ìyàwó kò mọ̀ nípa rẹ̀ kì í pẹ́ nínú àpò.

Ẹ̀yin ará, kò sí ìjà láàárín ẹni tí ebi ń pa lónìí àti ẹni tó ń ro ti ọ̀la, àwa kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá yọ lọ fọwọ́ síwèé lábẹ́ tábìlì, gbogbo wa ni ó tà. Ẹ wá sí ìpàdé, ẹ sọ tẹnu yín, kí a dìbò lórí rẹ̀ ní gbangba. Ohun tí ìpàdé bá fẹnu kò sí ni àwọn aṣojú yín yóò gbé lọ síwájú ọ̀gá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.